Ògiri Ògúnlẹ́yẹ

Kí fóònù tó wọ gbogbo àpò,
ògiri là ń bi léèrè ní Ìkẹ́rẹ́,
ògiri ṣọ́ọ̀bù Ògúnlẹ́yẹ,
níbi tí ọ́ìlì ti sọ ilẹ̀ di dúdú bí ìdí ìkòkò.
Bí ẹ̀rọ bá kọ̀, tí kò lọ ẹ̀gẹ́ mọ́,
o óò mú èédú, o óò kọ ọ́ sára ògiri:
"Ó ń wúkọ́, ó ń rú èéfín funfun. Kí ni kí n ṣe?"
O óò sì lọ sílé lọ sùn.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kọ èsì sábẹ́ rẹ̀,
bóyá lọ́la, bóyá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ẹlòmíràn á dé: "Irọ́ ni! Mo dán an wò, ó tún burú sí i."
Wọn a bú ara wọn níbẹ̀ bí orogún,
àmọ́ èébú náà ní ìwúlò tirẹ̀:
inú rẹ̀ ni mo ti mọ̀
pé òrùka písítìnì kì í ṣe ohun à ń fi tipátipá tì.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni Baba kì í dárí rẹ̀ jini.
Fálúyì kọ ọ́ pé ẹ̀rọ òun ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe.
Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá, ó kọ ọ́ gàdàgbà:
"Ẹ má ṣèyọnu mọ́. Ó ti ṣiṣẹ́."
Kò sọ bó ṣe ṣiṣẹ́.
Baba gun kẹ̀kẹ́, ó lọ ká a mọ́lé:
"O jẹun tán, o gbé ìkòkò pamọ́.
Ta ló bi ọ́ bóyá o yó?"

Ní báyìí, a ti ní ẹgbẹ́ lórí Wasáàpù,
igba ènìyàn ó lé mẹ́fà, alẹ́rọ ni gbogbo wa.
N kò ní purọ́, ó yá.
Lóru ọjọ́ tí bẹ́líìtì mi já,
n kò tíì fọ ọwọ́ tán tí ohùn kan fi dé láti Ìjerò.
Àmọ́ ilẹ̀ mọ́:
"Ẹ káàárọ̀ o," àdúrà, fídíò ewúrẹ́ tó ń jó,
ìsìnkú ìyá ẹnì kan, ọṣẹ tó ń mú ojú dán,
èsì mi sì rì bí òkúta nínú odò.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan béèrè ohun kan náà gan-an.
A tún bẹ̀rẹ̀ láti ààtàn.

Ìbídùn ọmọ mi ní kí n bi ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀.
Ẹ̀rọ tèmi náà ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ Àìkú.
Ó dáhùn kí n tó mí.
Ó fi ọ̀wọ̀ dáhùn, ó to ọ̀rọ̀ bí ẹni to iṣu sínú abà,
kò sì sí ẹnì kan nítòsí tí yóò pariwo pé irọ́ ni.
Ìdajì rẹ̀ tọ̀nà.
Mo ná ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà
kí n tó mọ ìdajì tó jẹ́.

Ògúnlẹ́yẹ ti sùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ kun ògiri ní funfun,
wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù háyà fún ọmọge oní-POS.
Àmọ́ èédú kì í gbàgbé.
Òjò méjì péré, ọ̀rọ̀ ti ń yọ lábẹ́ ọ̀dà,
bí egungun ẹja nínú ọbẹ̀ tó ṣàn.
Mo dúró síbẹ̀, ọmọge náà rò pé owó ni mo fẹ́ gbà.
Mo rí "Ó ti ṣiṣẹ́" Fálúyì,
àti nísàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ kan náà, lẹ́tà kéékèèké bí ti ẹni tí wọ́n nà:
"Nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì ló tú. Apá òsì. Ẹ máa bínú."

Mo délé, mo fi sípánà kan apá òsì.
Ẹ̀rọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń lọ ẹ̀gẹ́.
Fóònù gbọ̀n: "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ bá a dé?"
Mo tẹ̀ ẹ́, "Ó ti ṣiṣẹ́,"
mo wò ó,
mo pa á rẹ́,
mo fa àpótí, mo jókòó.